Ògiri fún panápaná: bí ẹ ṣe lè ya àwòrán ìyẹ́sí fún àwọn tó ń sáré lọ síbi iná, ní Àkúrẹ́

Àwọn tó máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ ya ògiri kan láti fi yẹ́ àwọn panápaná sí, iye bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mo máa ń dá wọn padà. Ẹ lọ jókòó ti àwọn panápaná fún ọ̀sán méjì ná, lẹ́yìn náà ẹ padà wá ká sọ̀rọ̀ ọ̀dà.

Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ya panápaná sí ara ògiri ilé ìwé kan ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin kan ni mo yà, ó dúró gbọin-gbọin láàárín èéfín, ó fi ọwọ́ kan di páìpù omi mú bí ẹni tó ń bomi rin òdòdó, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. Inú mi dùn sí i gan-an. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ panápaná gba ibẹ̀ kọjá. Ó dúró, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ yà yìí ti kú." Mo ní báwo? Ó ní ẹni tí kò bo imú nínú irú èéfín yẹn kò ní pẹ́ ṣubú, àti pé bí èéfín ò bá tiẹ̀ pa á, páìpù tó fi ọwọ́ kan mú yẹn ni yóò gbé e ṣánlẹ̀.

Mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí ẹni tí a yà kò bá rí ara rẹ̀ nínú àwòrán, a kò tíì yẹ́ ẹ sí.

Ọ̀sán méjì lọ́dọ̀ wọn

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn kí ẹ tó lọ. Ti ìpínlẹ̀ ni o, ti ìjọba àpapọ̀ ni o, lẹ́tà ni wọ́n mọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín síbẹ̀, ibi tí ògiri wà, àti pé ẹ fẹ́ wo iṣẹ́ wọn kí àwòrán má baà purọ́. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Omi tútù àti búrẹ́dì tó. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ohun tí ẹ ó wò pọ̀, àmọ́ díẹ̀ wà tí àwọn àtíìsì máa ń ṣì yà jù. Páìpù ńlá tí omi bá ti kún máa ń tini sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi ń wà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ kan níwájú, ìkan lẹ́yìn, tí èjìká ẹni ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti iwájú. Nínú ilé tó ń jó, wọn kì í nàró. Èéfín gbígbóná ń gòkè, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ṣeé mí á wà nísàlẹ̀, nítorí náà rírá ni wọ́n ń rá, wọ́n á fi ọwọ́ kan tọ ara ògiri kí wọ́n má baà sọnù. Àgbá irin tó wà lẹ́yìn wọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ́síjìn ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí yìí náà ni, wọ́n kàn fún un pọ̀ sínú irin ni. Mo ti rí ògiri tí wọ́n kọ "OXYGEN" gàdàgbà sí ara àgbá yẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á rí i, á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀já tó ń dán lára aṣọ wọn náà, ẹ má fò ó: tí iná mọ́tò bá kàn án lóru, ó máa ń tàn yanran, òun sì ni ẹni ẹ̀yìn fi ń mọ ibi tí ẹni iwájú wà.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn láti bi wọ́n: "Kí ni àwọn èèyàn ò mọ̀ nípa iṣẹ́ yín?" Iná kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Èrò ni. Àwọn tó dí ọ̀nà pa, tí wọ́n gbé fóònù sókè tí wọ́n ń ya fídíò, tí ọkọ̀ ò fi rí ibi kọjá. Àwọn tó ń ju òkúta nítorí wọ́n ní ọkọ̀ pẹ́ dé. Àti ọ̀rọ̀ omi, tí gbogbo wa mọ̀ tí a sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: "panápaná tí kò lómi." Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọkọ̀ tó gbé lítà 5,000, tí páìpù rẹ̀ ń tu lítà 500 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 10 péré ló ní. Bí kò bá sí ẹnu omi ìjọba nítòsí, ó di dandan kó lọ pọn òmíràn. Ẹ̀bi ẹni tó di páìpù mú kọ́ nìyẹn. Ní tèmi, ìran tó dára jù tí ènìyàn lè yà sí ògiri ní ìlú wa ni ti èrò tó ń yàgò, tí ọlọ́kadà gbé máṣíìnì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìyá ọlọ́jà fa tábìlì rẹ̀ sẹ́yìn, tí ọkọ̀ pupa ń gba àárín wọn kọjá. Ó yẹ panápaná sí, ó sì kọ́ àwa náà lẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn ará áńbúláǹsì nílò ọ̀sán tiwọn lọ́tọ̀. Níbí, tí èèyàn bá gbọ́ wíwí áńbúláǹsì, òkú ló máa ń sọ sí i lọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ èyí tí a ń rí lójú títì, pósí ló wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe tí ògiri yín lè ṣàtúnṣe rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ya ẹni tó wà láàyè sínú rẹ̀. Ẹ ya aboyún tó ń rọbí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ìyẹn dáadáa: nígbà tí ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, kí aboyún tètè dé ilé ìwòsàn wà lára ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá ya ẹni tí wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè padà máa lù, ẹ jẹ́ kí apá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nà gbọọrọ, kó má ká níbi ìgbọ̀nwọ́, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí ara wọn láàárín àyà. Ìtẹ̀ 100 sí 120 ni wọ́n ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Àwòrán ò lè ka iye, ṣùgbọ́n apá tó ká yóò kọ́ ọmọdé ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ẹ má sì gbàgbé láti kọ AMBULANCE ní ìdàkejì sí iwájú ọkọ̀ náà, kí ó kà bí ẹni ń ka ẹ̀yìn sí iwájú. Ìdí ni pé inú dígí ni awakọ̀ tó wà níwájú ti ń rí i. Àwọn ọmọdé á máa béèrè ìdí rẹ̀, olùkọ́ wọn á sì rí ohun sọ.

Àmì kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yà rárá: àgbélébùú pupa lórí funfun. Àwọn ènìyàn rò pé àmì ilé ìwòsàn ni. Àmì Red Cross ni, àwọn àdéhùn Geneva ló sì dáàbò bò ó, kí àwọn tó ń jagun má baà yìnbọn lu ẹni tó gbé e. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló lè lò ó bó ṣe wù ú. Èyí tí ẹ lè lò ni ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù onígun mẹ́fà tó máa ń wà lára áńbúláǹsì, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1970. Igun kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó dúró fún: kí a rí ẹni tó wà nínú ewu, kí a ké sí wọn, kí wọ́n dé, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n fà á lé ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Láàárín rẹ̀ ni ọ̀pá kan wà tí ejò lọ́ mọ́. Ejò kan ṣoṣo ni, kò sì ní ìyẹ́. Èyí tó ní ejò méjì àti ìyẹ́, nǹkan mìíràn nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pásítọ̀ bínú sí ejò náà títí mo fi rán an létí èyí tí Mósè gbé kọ́ ní aginjù. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo máa ń ya ọ̀pá Ọ̀sanyìn tó ní ẹyẹ lórí, torí pé kí ìràwọ̀ búlúù tó dé la ti ní àmì oníṣègùn tiwa. Bí àdúgbò yín kò bá fẹ́ ẹ, ẹ yọ ọ́, kì í ṣe ohun ìjà.

Ohun tí ògiri fẹ́ sọ

Òwe wa ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè dá wa lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo panápaná: iná tí kò jó o, lára ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ló wọlé lọ gbọ̀n. Nítorí náà, mi ò fẹ́ràn àwòrán akọni tó fẹ àyà, tó kó ọwọ́ lé ìbàdí. Ẹ ya ẹni tó ń gbọ̀n tẹlòmíràn. Ẹ lè kọ ìdajì òwe náà sí òkè ògiri, "Tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n?", kí ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kí àwòrán dáhùn rẹ̀.

Ẹ lè rò pé iṣẹ́ yín kéré tí ẹ bá wo ohun tí wọ́n ṣe níbòmíràn. Ní London, nítòsí kàtídírà St Paul's, ère idẹ panápaná mẹ́ta wà níbẹ̀ láti 1991, iṣẹ́ John W. Mills. Ní New York, ògiri idẹ gígùn kan wà lára ilé iṣẹ́ panápaná tó dojú kọ ibi tí ilé gogoro méjì ti wó, fún panápaná 343 tó kú ní September 11, 2001. Idẹ ò sí lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù wà ní Chernobyl, ní Ukraine, níbi tí ilé iṣẹ́ àtọ́míìkì ti bú gbàmù ní April 26, 1986. Ní 1996, àwọn panápaná ibẹ̀ fúnra wọn po kọnkéré, wọ́n sì mọ ère àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kú, wọ́n mọ dókítà pẹ̀lú wọn. Wọ́n pè é ní ère àwọn tó gba ayé là. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ọwọ́ oníṣẹ́ ère kọ́ ló ṣe é, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ pé páìpù tó wà lọ́wọ́ wọn kò rí bí páìpù.

Ṣé ère ni kí ẹ̀yin náà ṣe, àbí àwòrán? Ère kì í ṣe tuntun ní ìpínlẹ̀ yìí. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ máa ń gbẹ́ àkó nígbà kan rí, ère igi tó ga tó ènìyàn, tí wọ́n á wọ aṣọ olóògbé fún, tí yóò jọ ọ́ débi tí ará ilé á fi sunkún. Jíjọra ni gbogbo agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a dé yìí, ẹ ó rí ẹni tó ń pe ère ní òrìṣà, ẹ ó sì rí ẹni tó ń sọ pé a kì í mọ ère ẹni tó wà láàyè. Ó rọrùn láti bá wọn jà, kò sì lérè. Èmi máa ń ya àwòrán sí ògiri pẹrẹsẹ, mo sì máa ń fi sìmẹ́ńtì mọ nǹkan méjì tàbí mẹ́ta kó yọ síta lára ògiri: àṣíborí, bàtà bóòtù, ẹnu páìpù. Ọmọdé á fọwọ́ kàn án. Afọ́jú náà á fọwọ́ kàn án.

Tí ògiri bá jẹ́ fún àwọn tó ti kú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹbí wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà, àmì ohùn rẹ̀ pàápàá. Mo ti rí Adé tí wọ́n sọ di nǹkan mìíràn lórí òkúta ibojì, tí ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ọdún dé ọdún. Ẹ tò wọ́n ní ọdún tí wọ́n kú, ẹ má fi ipò tò wọ́n. Ẹnìkan dábàá fún mi rí pé kí n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àwọn tó bá kú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má dán an wò. Panápaná wo ni yóò máa gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀, tí àyè òfo á máa wò ó?

Ògiri wo, ta ló ni í

Ẹ yan ògiri tó dojú kọ àríwá tàbí gúúsù. Èyí tó dojú kọ ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ọ̀sán máa ń sun, ọ̀dà rẹ̀ kì í pẹ́ ṣá. Ẹ wò ó bóyá ó ní òrùlé tàbí ìborí kékeré lókè; omi òjò tó ń ṣàn láti orí ògiri ló ń fa ilà dúdú sí ojú àwòrán.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba dára fún ojú, èrò ò tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìyá kan á ti na ìbòrí ìsọ̀ rẹ̀ bo ẹsẹ̀ panápaná yín, ẹ ò sì ní lè bá a jà, ibi oúnjẹ rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìtòsí ọjà ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ àwòrán láti mítà kan ààbọ̀ sókè. Lójú ọ̀nà Ọba Adésídà tàbí Alágbàká, ọkọ̀ ló pọ̀. Àwòrán gbọ́dọ̀ ṣeé kà fún ẹni tó ń sáré kọjá. Kí ẹ tó fọkàn sí ògiri kankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn ò tíì fi ọ̀dà pupa kọ X sí i. Ìjọba tó ń fẹ ọ̀nà kò mọ àwòrán yàtọ̀ sí fẹ́ńsì.

Lẹ́tà mẹ́ta: ti ẹni tó ni ògiri, ti ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́, àti ti àwọn tó ń bójú tó pátákó ìpolówó, kí wọ́n má baà wá bá yín pé ìpolówó ọjà ni. Ẹ fi ẹnu sọ fún àwọn àgbà àdúgbò náà. Ìyẹn ò nílò ìwé, àmọ́ àwọn ló máa lé ẹni tó bá wá lẹ pósítà mọ́ ọn lóru.

Ẹ kà á padà láti May 4

May 4 ni àyájọ́ panápaná lágbàáyé. Ní December 1998, panápaná márùn-ún kú nínú iná igbó ní Linton, ní Ọsirélíà. Láti inú ìbànújẹ́ yẹn ni àyájọ́ náà ti jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ríbọ́ọ̀nù pupa àti búlúù ni wọ́n ń lò, pupa fún iná, búlúù fún omi. Ọjọ́ tó dára láti ṣí ògiri ni.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé òjò ti ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà yẹn, ó sì ti ń rọ̀ láti March. Nítorí náà ẹ parí lẹ́tà ní November, ẹ rẹ́ ògiri ní December, kí ẹ sì ya àwòrán ní January àti February. Ọyẹ́ máa wà níbẹ̀ o. Eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, nítorí náà ẹ fi omi nu ògiri láàárọ̀, kí ẹ sì dúró kó gbẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ náà ni iná igbó ń jó oko kòkó, ọwọ́ àwọn panápaná á sì dí. Ẹ lọ bá wọn kó tó di pé ó le.

Mímúra ògiri sílẹ̀

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí, torí gbogbo èèyàn ló ń kánjú. Ògiri tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 kó gbẹ dénú. Sìmẹ́ńtì tuntun ní oró tó ń jẹ àwọ̀ ọ̀dà, ó sì máa ń tú iyọ̀ funfun jáde, tí yóò gbé ọ̀dà sókè bí èépá. Tó bá jẹ́ ògiri àtijọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ohun tó bá ń ṣí, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ nǹkan aláwọ̀ ewé tó hù sí i nígbà òjò, kí ẹ sì dí gbogbo ìlà tó bá sán. Ọ̀dà epo àtijọ́ lè ní òjé nínú, májèlé ni fún ọmọdé. Tí ẹ bá ń fi sáńdípépà ha á, ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan wà nítòsí.

Lẹ́yìn náà ẹ kun funfun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ògiri yín ga mítà 3, ó gùn mítà 12: mítà onígun mẹ́rin 36 nìyẹn. Lítà kan ọ̀dà olómi ń kun nǹkan bíi 10 lórí ògiri tó dán, ṣùgbọ́n ògiri fẹ́ńsì tiwa kì í dán, ẹ fi 6 ṣe ìṣirò. Lítà 6 ní ìkùn kan, 12 ní ìkùn méjì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 kan á tó, á sì ṣẹ́kù. Kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ìta. Ti inú yàrá kò ní la òjò kan já. Ìsàlẹ̀ ògiri, láti ilẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ kan, ẹ kun ún ní àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, kí omi tó ń ta láti ilẹ̀ má baà hàn. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin kan á ti wá tọ̀. Ẹ gbin òdòdó síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ju "Má tọ̀ síbí" lọ.

Àjà pákó tí ẹ ó gùn: ẹ jẹ́ kí káfíńtà kàn án, kí ẹ so ọparun rẹ̀ mọ́ nǹkan tó dúró, kí ẹ sì wo òkè. Tí wáyà NEPA bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má gbé àkàsọ̀ irin wá rárá. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tí ẹ ń yẹ́ sí wá gbé yín lójú ọ̀nà.

Gbígbé e láti inú ìwé sí ògiri

Ẹ ya àwòrán yín sórí ìwé tó ga sẹ̀ǹtímítà 15, tó gùn 60. Ẹ pín in sí àpótí kéékèèké, 2.5 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín ògiri náà sí àpótí 50 sẹ̀ǹtímítà. Mẹ́fà ní òró, 24 ní ìbú, àpótí 144 lórí ìwé, 144 lórí ògiri. Ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn. Okùn bíríkìlà tí ẹ fi ẹfun pa ni kí ẹ fi fa ìlà rẹ̀: ẹni kan dì í mú lọ́tùn-ún, ẹni kan lósì, ẹ fà á, ẹ jẹ́ kó ta lu ògiri lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má lo máákà. Máákà máa ń yọ láti abẹ́ ọ̀dà, kódà lẹ́yìn ìkùn mẹ́ta.

Ẹ lè fi àwọn àpótí yẹn pín iṣẹ́ fún ọmọ ilé ìwé. Ọmọ kan, àpótí kan. Ojú ènìyàn àti ọwọ́ nìkan ni kí ẹ pa mọ́ fún àtíìsì. Nígbà tí ìlà bá parí, kí ọ̀dà tó kàn án, ẹ pe panápaná méjì àti ará áńbúláǹsì kan wá wò ó. Ẹ fún wọn ní ẹfun. Ohun tí wọ́n bá fi ẹfun sàmì sí, ẹ tún un ṣe, ẹ má jiyàn.

Pupa

Pupa ni ìṣòro iṣẹ́ yìí. Ọkọ̀ panápaná pupa, pupa tó mọ́lẹ̀ tó ń dán sì ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ jẹ. Láàárín ọdún méjì ó ti di àwọ̀ ìgbẹ́ ọmọdé. Ẹ kọ́kọ́ fi pupa tó ní àwọ̀ ilẹ̀ tẹ́ abẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kùn sí páànù àti irin. Àwọ̀ tó wá láti inú ìpẹtà irin kì í ṣá, bí amọ̀ ilé àtijọ́. Ẹ wá kun pupa tó mọ́lẹ̀ lé e lórí. Tí òkè bá ṣá, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ṣì jẹ́ pupa. Iná fúnra rẹ̀, ẹ má yà á tóbi. Àwọn àtíìsì fẹ́ràn láti ya iná nítorí ó rọrùn, ó sì lẹ́wà, kí ẹ tó mọ̀ ẹ ti ya ògiri ìyẹ́sí fún iná. Iná kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùn-ún ògiri lọ. Ẹ jẹ́ kí èéfín pọ̀, kí omi pọ̀.

Lẹ́tà àti 112

Tí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn ka ọ̀rọ̀ láti mítà 30, kí lẹ́tà rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ẹ kọ 112 tóbi ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà. Kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan, ẹ fi fóònù pè é láti orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ panápaná èwo nínú nọ́ńbà tiwọn ló ń wọlé lóru. Nọ́ńbà tí kò wọlé burú ju ògiri òfo lọ.

Ọ̀rọ̀ olóṣèlú máa dé. Ẹni tó fún yín ní bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì á fẹ́ kí ojú òun wà láàárín. Ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀: gbogbo ẹni tó bá dáwó, orúkọ rẹ̀ á wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́tà kan náà fún gbogbo wọn, kò sí fọ́tò. Ẹ sì san owó àtíìsì yín. Ẹni tó sọ pé òkìkí ni owó iṣẹ́, ẹ ní kó fi òkìkí ra sìmẹ́ńtì.

Ọjọ́ ṣíṣí, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí panápaná tó kéré jù nípò ṣí aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ètò kúrú, torí ìpè lè dé, ọkọ̀ wọn ò sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí kanópì ti dí i mọ́.

Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ lọ wo ògiri. Ibi tó bá wú, ẹ gé e, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un kùn. Ẹ tọ́jú ọ̀dà tó ṣẹ́kù sínú gálọ́ọ̀nù tí ẹ dé pinpin, kí ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ sí ara rẹ̀: "pupa ọkọ̀", "búlúù ìràwọ̀". Ilé iṣẹ́ panápaná ni mo máa ń gbé tiwa pa mọ́ sí. Ní ọdún tó kọjá, mo dé ògiri náà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì mi láti tún ìgbọ̀nwọ́ kan ṣe, mo bá a pé ẹnìkan ti tún un kùn ṣáájú mi. Àwọ̀ rẹ̀ kò bá tèmi mu dáadáa. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.